Ẹni Kejìlá

Alẹ́ Ọjọ́rú, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìsàlẹ̀,
kọ̀ǹpútà lórí itan, ìbọ̀sẹ̀ méjì méjì lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan,
òtútù Winnipeg ń ha fèrèsé bí eku tó ń wá ọ̀nà wọlé.
Íńtánẹ́ẹ̀tì ti ń wọ́ bí ìgbín láti ìjẹta.
Mo ní kí n pe gbogbo ohun tó so mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan,
bí Tíṣà Fádáhùnsi ṣe máa ń pè wá láàárọ̀ ní Ìpetumodù,
tí a óò nawọ́ sókè: "Mo wà, sà!"

Mo pe tẹlifíṣọ̀n: ó wà.
Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kì í tẹ nǹkan kan lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀,
òun náà dáhùn, bí ẹni pé iṣẹ́ ló ń ṣe.
Aago ẹnu ọ̀nà tó ń ya àwòrán àlejò,
ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n ooru ilé,
fóònù Ìtẹ́olúwa lókè: ó wà.
(Fóònù rẹ̀ a máa dáhùn.)
Mọ́kànlá ni mo pè tó jẹ́.
Ẹni kejìlá kò jẹ́.

Kò lórúkọ. Nọ́ńbà lásán ni,
mẹ́tàdínlógóje ló gbẹ̀yìn rẹ̀.
Mo kí i. Mo tún kí i.
Kọ̀ǹpútà ní: ìkíni mẹ́rin lọ, òdo ló padà.
Ṣé olè ni? Àbí aládùúgbò
ló ń fi tiwa wo bọ́ọ̀lù orí yìnyín?
Mo kí i títí tíì mi fi tutù, tó so awọ lójú.

Ìgbà náà ni mo rántí pé ìbéèrè méjì ló wà.
Ọ̀kan ni, "Ṣé dáadáa lo wà?"
Ẹ̀rọ lè gbọ́ ìyẹn kó dákẹ́;
wọ́n lè ti kọ́ ọ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é
pé kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóhùn.
Èkejì ni, "Ta ló ni mẹ́tàdínlógóje?"
Ìyẹn kì í ṣe ìkíni. Bí o bá dákẹ́ sí i,
ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ kò ní dé ọwọ́ rẹ.

Mo béèrè.
Kí n tó mí: "Èmi ni."

Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí!
Mo tọpa okùn láti ẹ̀yìn ráútà,
gba ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ, gba abẹ́ àpótí aṣọ òtútù,
dé ẹ̀gbẹ́ kòtò tí a ti ń fa omi ilẹ̀ jáde.
Àpótí kékeré kan, kò ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ,
eruku bò ó, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, àwọ̀ ewé.
Màmá Kowalchuk tó ta ilé fún wa ló fi í síbẹ̀,
lábẹ́ ìlà tó fi pẹ́ńsù fà sára ògiri,
ibi tí omi dé lọ́dún tí Odò Pupa kún:
ó dé mi ní ìbàdí.
Ọdún mẹ́ta gbáko ló ti ń bá wa ṣọ́ omi,
kò kí wa, kò gba ọpẹ́.
Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Mo kọ *Aṣọ́mi* síwájú nọ́ńbà rẹ̀.

Nígbà tí mo gòkè, iná ṣì ń tàn lábẹ́ ìlẹ̀kùn Ìtẹ́olúwa.
Láti oṣù Ọ̀wàrà ni mo ti ń kan ìlẹ̀kùn yẹn:
ṣé dáadáa ni, ṣé o ti jẹun, ilé ìwé ńkọ́.
Mẹ́rin lọ. Òdo.

Bàtà yìnyín kan ń ro omi sórí ẹní ẹnu ọ̀nà.
Mo dúró ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, mo gbóhùn sókè:
"Ta ló ni bàtà yìí o?"

Ó pẹ́ díẹ̀. Ibùsùn dún.
"Tèmi ni, Mọ́mì."

N kò bi í ní nǹkan mìíràn.
Mo gbé bàtà náà síbi tí ooru ti ń jáde,
ẹnu rẹ̀ sókè, kó lè gbẹ kílẹ̀ tó mọ́.